Ẹ̀yẹ Tí Ó Tọ́ sí Àwọn Àgbà Tí Ń Sin Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kò ju ọ̀rọ̀ ọpẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹnu lásán dá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní yinniyinni kí ẹni lè ṣe òmíràn. Òwe yìí kò sọ pé kí a san owó fún ẹni tí ó ṣe oore. Kò sì sọ pé kí a pọ́n ọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé iṣẹ́ rere tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí kì í pẹ́ kí ó tó dáwọ́ dúró. Bí ẹni tí ń ṣe é kò bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹni tí ì bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la kò ní yọjú.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn àgbà tí ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ káàkiri ilẹ̀ wa: àwọn olùdarí ẹgbẹ́ Sikáòtù, àwọn ọ̀gá nínú Boys' Brigade, àwọn ìyá tí ń tọ́ àwọn ọmọbìnrin Girl Guides, àti àwọn mìíràn tí iṣẹ́ wọn jọ tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olùkọ́, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, télọ̀ tàbí oníṣòwò kékeré. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí ẹlòmíràn bá wọlé lọ sinmi, ìgbà náà ni tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ti ń ta okùn ní kókó tí kò ní tú, bí a ti ń dáná nínú igbó láìjẹ́ kí igbó jó, bí a ti ń di ojú ọgbẹ́, àti bí a ti ń sọ òtítọ́ nígbà tí irọ́ ì bá rọrùn jù. Kò sí ẹni tí ń san kọ́bọ̀ fún wọn. Nígbà púpọ̀, owó ọkọ̀ àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí jájẹ máa ń ti àpò wọn jáde.

Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 1883, ọ̀gbẹ́ni William Alexander Smith dá ẹgbẹ́ Boys' Brigade sílẹ̀ ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland. Oníṣòwò ni, ó sì tún jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi. Ó rí i pé àwọn ọmọkùnrin kì í fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́. Ó wá ronú pé bí a bá fún wọn ní ìlànà, eré ìdárayá àti ohun tí wọ́n lè fi yangàn, wọn yóò gbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, Robert Baden-Powell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea. Ọmọ ọlọ́rọ̀ wà láàrin wọn, ọmọ tálákà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1908 ni ó tẹ ìwé Scouting for Boys jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n ka ìwé náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń kó ara wọn jọ, wọ́n sì ń wá àgbà tí yóò ṣe olórí fún wọn kiri.

Kò pẹ́ tí irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi dé ọ̀dọ̀ wa. Boys' Brigade dé ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1908, Sikáòtù dé ní 1915, Girl Guides sì tẹ̀ lé wọn ní 1919. Ní ọdún 1961, ẹgbẹ́ Sikáòtù ilẹ̀ Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ àpapọ̀ Sikáòtù àgbáyé. Bí a bá wo ìtàn yìí fínnífínní, a ó rí i pé ìwé kò wọ́n, aṣọ ẹgbẹ́ kò sì ṣòro láti rán. Àgbà tí yóò dúró ti àwọn ọmọ ni ó wọ́n. Ẹgbẹ́ kan lè pàdánù àgọ́ rẹ̀, kí àsíá rẹ̀ gbó, kí ìlù rẹ̀ fọ́, síbẹ̀ kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí olùdarí rẹ̀ bá lọ tí kò sí arọ́pò, kò ní pẹ́ tí gbogbo àwọn ọmọ náà yóò fi tú ká, tí kálukú yóò padà sí ojú títì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni irú ìsìn báyìí láàrin Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé ni a ti ní ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, irú èyí tí àwọn Ìjẹ̀bú ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kì í dá rìn. Wọn a ní bàbá ẹgbẹ́ àti ìyá ẹgbẹ́ láàrin àwọn àgbà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń parí ìjà, tí wọ́n ń bá ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ṣìwà hù wí, tí wọ́n sì ń ṣe agbẹnusọ fún ẹgbẹ́ níwájú àwọn ìjòyè. A kì í san owó oṣù fún wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kì í ṣófo. Bí bàbá ẹgbẹ́ bá ní iṣẹ́ oko, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a bá a fi ọ̀wẹ̀ ṣe é. Bí ó bá ní ìnáwó, wọn a da aṣọ kan náà bora, wọn a sì bá a jó yí ìlú ká. Bí ó bá ń kọjá lọ, wọn a dọ̀bálẹ̀, wọn a kì í ní oríkì rẹ̀. Gbogbo ìlú ni ó ń rí i pé ẹni tí ó lo ara rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kò lò ó dànù.

Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ òde òní náà ní ọ̀nà tiwọn. Ní ọgbà Gilwell, nítòsí London, ni a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pàtàkì fún àwọn olùdarí Sikáòtù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919. Ẹni tí ó bá yege níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ onígi méjì tí a so mọ́ okùn awọ ni a fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ara ẹ̀gbà ọrùn kan tí Baden-Powell mú bọ̀ láti ilẹ̀ àwọn Zulu ní gúúsù Áfíríkà ni a ti mú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ti Dinizulu ọba ni. Yorùbá tí ó mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ lọ́rùn ìjòyè yóò tètè lóye èyí. Igi ni, kì í ṣe wúrà. Síbẹ̀ kò sí olówó tí ó lè lọ rà á lọ́jà kí ó sì níyì lọ́rùn rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ni a fi ń gbà á.

Lókè pátápátá ni àmì-ẹ̀yẹ tí à ń pè ní Ìkookò Idẹ wà. Òun nìkan ni ẹ̀yẹ tí ìgbìmọ̀ Sikáòtù àgbáyé fúnra rẹ̀ ń fún ènìyàn. Baden-Powell ni ó kọ́kọ́ gbà á ní ọdún 1935, àwọn tí wọ́n sì ti gbà á láti ìgbà náà kò pọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹfọ̀n Fàdákà, ìtàn kan sì wà nídìí rẹ̀ tí ó yẹ kí a gbọ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ náà ti ń sọ ọ́, ní ọdún 1909, ọkùnrin olówó ará Amẹ́ríkà kan, William Boyce, ṣìnà nínú kùrukùru ní ìlú London. Ọmọ Sikáòtù kan mú un dé ibi tí ó ń lọ. Ó fẹ́ fún ọmọ náà lówó, ọmọ náà kọ̀. Ó ní Sikáòtù kì í gba owó oore. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Boyce lára, nígbà tí ó sì padà dé ilé, òun ni ó wà nídìí bí a ti dá ẹgbẹ́ Sikáòtù sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1910. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ọmọ náà títí di òní. Síbẹ̀, ní ọdún 1926, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní Ẹfọ̀n Fàdákà, ọmọ tí a kò mọ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá lọ́lá. Wọ́n mọ ère ẹfọ̀n kan fún un, wọ́n sì gbé e sí ọgbà Gilwell. Ẹni tí ó kọ owó ni wọ́n fi ẹ̀yẹ san oore fún.

Ó yẹ kí èyí mú wa ronú nípa ti wa. A mọ orúkọ Lady Oyinkan Abayomi, tí a bí ní 1897 tí ó sì kú ní 1990. Ó sin Girl Guides láti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì kéré ní Èkó títí tí ó fi di olórí rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Òun kan náà ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ ní 1944. Orúkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í ti orí olórí nìkan dúró. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pe àwọn ọmọbìnrin jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Oǹdó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Iléṣà, ta ni ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Àwọn ará Amẹ́ríkà kò mọ orúkọ ọmọ tiwọn, wọ́n sì wá ọ̀nà láti yẹ́ ẹ sí. Àwa mọ orúkọ àwọn tiwa, a mọ ilé wọn, a sì ń kọjá lára wọn lójoojúmọ́.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ènìyàn yẹ́ sí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀yẹ wa ti máa ń ṣìnà. Èkínní ni pé a máa ń fún owó ní ẹ̀yẹ tí ó tọ́ sí iṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, àwọn tí ó máa ń jókòó sórí àga tìmùtìmù níwájú ni àwọn tí ìwé ìpè pè ní bàbá ìsàlẹ̀, alága ọjọ́ àti olùfilọ́lẹ̀ àgbà. A ó ka oyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, onílù yóò kì wọ́n, a ó sì gbé àwo tí a kọ orúkọ wọn sí lé wọn lọ́wọ́. Ní àkókò yìí, olùdarí tí ó fi oṣù mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ náà wà lẹ́yìn ilé, ó ń wá omi tí wọn yóò mu. Kò burú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó. Àgọ́ kò ṣeé rà láìsí owó. Ṣùgbọ́n owó tí a ná lónìí lè padà wá lọ́la. Ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ Sátidé rẹ̀ sílẹ̀ fún ogún ọdún kò lè rí ọ̀kan ṣoṣo gbà padà nínú wọn.

Èkejì ni pé a máa ń dúró de ikú. Àwọn baba wa ti fi èyí bú wa rí, wọ́n ní ọjọ́ tí a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Nígbà tí olùdarí bá kú tán ni a ó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí a ó fun fèrè, tí a ó da àsíá bo pósí rẹ̀. Àwọn tí ó tọ́, tí wọ́n ti di dókítà, lọ́yà àti ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba, yóò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sọ bí kì bá ti sí ọkùnrin yìí, àwọn kì bá ti di ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n etí tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ ti di. Opó rẹ̀, tí ó ti ń bínú láti ọdún yìí wá pé ọkọ òun kì í gbélé, ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ibi tí ọkọ òun ń lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹ̀yẹ kì í sábà kúrò ní olú-ìlú. Kí a tó fún ènìyàn ní àmì-ẹ̀yẹ, ẹnì kan ní láti kọ̀wé pè é. Ẹni tí ó bá wà nítòsí ọ́fíìsì ni ó ń rí ẹni kọ̀wé fún un. Olùdarí tí ó wà ní ìlú kékeré, tí ọ̀nà ibẹ̀ kò dára, tí àwọn òbí ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kàwé, lè sìn títí irun rẹ̀ yóò fi funfun kí olú-ìlú má gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kí ni a ń wá ẹ̀yẹ fún. Pé ẹni tí ó ṣe oore nítorí Ọlọ́run, Ọlọ́run ni yóò san án fún un, àti pé ẹni tí ó bá ń retí ìyìn kò ṣe oore rárá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni èyí jẹ́ lẹ́nu ẹni tí ń ṣe oore. Kò sí olùdarí gidi kan tí ó ń ta okùn nítorí àmì-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tí a ṣe oore fún, ọ̀rọ̀ kan náà di àwáwí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, Yorùbá ní ó dà bí ọlọ́ṣà tí ó kó ni lẹ́rù lọ.

Ìdí mìíràn tún wà, òun ni ó sì wúwo jù. Àwọn ọmọ ń wò wá. A lè fi ẹnu sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé ìwà ni ẹwà, pé iṣẹ́ ìsìn níyì, pé owó kọ́ ni ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu wa ni ọmọ fi ń mọ ohun tí a kà sí pàtàkì; ibi tí a bá dọ̀bálẹ̀ sí ni ó ń wò. Bí ó bá rí i ní gbogbo ọjọ́ àjọ̀dún pé ẹni tí ó kó owó wá ni a ń dìde fún, àti pé ẹni tí ó kọ́ òun ni a ń rán lọ bu omi, ẹ̀kọ́ tí ó gbà ní ọjọ́ kan náà yóò pa ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́wàá rẹ́. Nígbà tí òun náà bá dàgbà, yóò wá owó lọ, kò ní padà wá di olùdarí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ kò lè kọ́ ara rẹ̀.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí a ṣe é? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a ó kọ orúkọ olùdarí sí, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó kọ́ àwọn ọmọ, àti ibi tí ó kó wọn lọ. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kì í pẹ́ di ìgbàgbé, ìwé yìí sì ni ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé sí olú-ìlú yóò dì mú. Lẹ́yìn náà, kí a yẹ́ ènìyàn sí níwájú àwọn ọmọ tí ó tọ́, ní pápá tí ó ti tọ́ wọn, kí ọkọ tàbí aya rẹ̀ sì wà níbẹ̀, nítorí ilé ni ó kọ́kọ́ san owó ìsìn náà. Kí a sọ ohun tí ó ṣe ní pàtó. Wíwí pé ènìyàn dáa kò tó. Kí a sọ pé nígbà tí òjò ya àgọ́ lóru, òun ni ó gbé àwọn ọmọ kéékèèké lọ sí ilé-ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀, olùgbọ́ kì í sì í gbàgbé rẹ̀. Kí a má sì ṣe fi àmì-ẹ̀yẹ rọ́pò ẹ̀tọ́. Owó ọkọ̀ tí olùdarí ná fún ẹgbẹ́, gbèsè ni. Kí a san án. Ẹ̀kọ́ tí yóò mú iṣẹ́ rọrùn fún un, kí a rán an lọ. Bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́, kí a jẹ́ kí ó sinmi pẹ̀lú ọlá, kí ó má jẹ́ pé ńṣe ni ó ń yọ́ lọ bí ẹni tí ó jalè.

Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀yẹ kò gbọdọ̀ di aṣọ tí a ó fi bo ìwà ibi mọ́lẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ Sikáòtù ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ sí ilé-ẹjọ́ láti wá ààbò òfin fún ẹni tí gbèsè pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí ẹjọ́ àwọn tí wọ́n sọ pé a bá àwọn ṣe ìṣekúṣe nínú ẹgbẹ́ náà nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lé ní 80,000. Nínú àwọn tí a fi ẹ̀sùn kàn, àwọn kan wà tí òbí ti fọkàn tán fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò sì ronú láti bi wọ́n ní ìbéèrè. Nítorí náà, kí a tó gba àgbà sínú ẹgbẹ́ ọmọdé, kí a wádìí rẹ̀. Kí àgbà kan ṣoṣo má sì ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ní ìkọ̀kọ̀, bí ó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀, kí a gbọ́ ọ, kí a má ṣe ka oyè àgbà náà sí i létí. Olùdarí rere kò ní bínú sí ìlànà yìí. Òun ni ìlànà náà ń gbèjà, nítorí bí a bá fi ẹ̀yẹ kan náà kọ́ ẹni rere àti ẹni ibi lọ́rùn, ti ẹni rere ni ó bàjẹ́.

Ní ọdún 1985, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 5, oṣù kejìlá sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìsìn. Ọjọ́ náà kò jìnnà sí Kérésìmesì, ìgbà tí àwọn tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tọ́ dàgbà, tí ẹ ti di ẹni tí à ń pè ní ọ̀gá lónìí, bí ẹ bá délé, ẹ béèrè ibi tí olùdarí yín ń gbé. Ẹ kó àwọn ọmọ yín dání lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bí ẹ ti dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ láti ẹnu yín ohun tí arúgbó náà ṣe fún yín. Lẹ́yìn èyí, kí àwọn ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìlú sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá dúpẹ́ oore àná ni ó ń rí òmíràn gbà. Oore tí a sì ń wá gbà náà kì í ṣe fún ara wa mọ́, bí kò ṣe fún àwọn ọmọ tí wọn kò tí ì rí ẹni tí yóò ṣe olórí fún wọn.